Ta Ni Yóò Kọ Orúkọ Alásè Sílẹ̀?

Nígbàkígbà tí àríyànjiyàn bá tún bẹ́ sílẹ̀ láàárín Nàìjíríà àti Gánà lórí ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, kì í pẹ́ tí àwọn olóṣèlú fi ń dá sí i. Ariwo bẹ́ẹ̀ kì í ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Ẹni tí ó dúró ti ààrò, tí èéfín ń kó sí lójú, ni a kì í gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà sì ti fi hàn pé oúnjẹ lè di ti gbogbo orílẹ̀-èdè nígbà tí ẹni tí ó sè é kò ní ẹ̀tọ́ kankan níbẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ James Hemings. Ẹrú Thomas Jefferson ni, ẹni tí ó wá di ààrẹ kẹta Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1784, Jefferson mú un lọ sí Paris kí ó lè kọ́ bí àwọn Faransé ṣe ń se oúnjẹ, ó sì mọ̀ ọ́n débi pé òun ni ó di ọ̀gá àwọn alásè nílé Jefferson níbẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n padà dé, Jefferson kọ àdéhùn kan sílẹ̀ ní 1793: Hemings yóò gba òmìnira, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ fi gbogbo iṣẹ́ náà kọ́ ẹlòmíràn. Peter, àbúrò rẹ̀, ni ó kọ́. Ọdún 1796 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Yorùbá mọ ìwọ̀fà, ṣùgbọ́n a ti máa ń gba owó lórí ìwọ̀fà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sìn. Hemings kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ìmọ̀ ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ra ara rẹ̀, ó sì fi àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ nídìí ààrò.

Hercules, alásè George Washington, kò dúró de àdéhùn. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 1797, ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ pé ẹni ọdún 65, ó sá kúrò ní Mount Vernon. Àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà lóko ẹrú.

Oúnjẹ tí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ sè kò sá lọ ní tirẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún tuntun, ẹ̀wà àti ìrẹsì ni ọ̀pọ̀ ìdílé ní àwọn ìpínlẹ̀ ìhà gúúsù Amẹ́ríkà ń jẹ, aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun. Orúkọ tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe ilá, èdè Ìgbò ni ó ti wá. Ìrẹsì tí ó sọ àwọn olóko South Carolina di olówó, àwọn tí a kó lẹ́rú láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ó gbìn ín, tí wọ́n gún un nínú odó, tí wọ́n sì fi atẹ fẹ́ ẹ. Síbẹ̀, nígbà tí ìwé oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, orúkọ ìyáálé aláwọ̀ funfun ni ó sábà máa ń wà lára èèpo rẹ̀. Abby Fisher wà lára àwọn díẹ̀ tí orúkọ tiwọn jáde, ní San Francisco ní 1881. Kò mọ̀ọ́kọ kò mọ̀ọ́kà. Ó ń sọ ọ́, àwọn mìíràn ń kọ ọ́.

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ìdáná kò kan òṣèlú, kí ó wo Georgia Gilmore ti ìlú Montgomery. Láti oṣù Kejìlá ọdún 1955, fún ọjọ́ 381, àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà kọ̀ láti wọ bọ́ọ̀sì tí ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọkọ̀ tí ó ń gbé wọn lọ síbi iṣẹ́ ń mu epo, epo sì ń fẹ́ owó. Gilmore àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń din adìyẹ, wọ́n ń yan kéèkì, wọ́n ń tà á, wọ́n sì ń kó owó rẹ̀ sínú ìjà náà. Orúkọ tí wọ́n sọ ẹgbẹ́ wọn túmọ̀ sí pé kò ti ibì kankan wá, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ẹni tí ó mówó sílẹ̀. Nígbà tí ó jẹ́rìí nínú ẹjọ́ Martin Luther King ní 1956, iṣẹ́ alásè tí ó ń ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé rẹ̀ ni ó wá sọ di ibi oúnjẹ, King pàápàá sì ń jẹun níbẹ̀.

Ní Brazil, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn, ó sì kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Àkàrà tí àwọn ìyá wa gbé dé Bahia ni wọ́n ń pè ní acarajé títí di òní, epo pupa ni wọ́n sì fi ń dín in. Ní ọdún 2005, ìjọba àpapọ̀ Brazil kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tí ó ń tà á sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún orílẹ̀-èdè. Kì í ṣe àkàrà nìkan ni wọ́n kọ. Iṣẹ́ náà ni, pẹ̀lú àwọn tí ó ń ṣe é. Nígbà tí òfin FIFA fẹ́ lé wọn kúrò ní àyíká pápá Fonte Nova ṣáájú Ife Àgbáyé 2014, wọ́n jà, wọ́n sì gba àyè wọn.

Nítòsí wa níhìn-ín, Côte d'Ivoire ti ṣe irú rẹ̀. Attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí ọmọ Èjìgbò tí ó ń ṣòwò ní Abidjan tàbí Bouaké mọ̀ bí ẹni mọ gàrí, wọ àkọsílẹ̀ ogún UNESCO ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Senegal ti mú ìrẹsì ẹlẹ́ja tirẹ̀ lọ ní 2021, ìrẹsì tí ọ̀pọ̀ gbà pé òun ni ìyá jọ̀lọ́ọ̀fù. Àwa àti Gánà ṣì ń jà.

Ní Èkó, òfin ọdún 2003 ni ó de títa ọjà lójú pópó. Nígbà tí Gómìnà Akinwunmi Ambode kéde ní 2016 pé òun yóò mú un lò, ìtanràn ₦90,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni ó wà níbẹ̀, fún ẹni tí ó tà àti ẹni tí ó rà. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà kọjá. Ìlú Salvador ní Bahia náà ní òfin: ó sọ ibi tí alákàrà yóò jókòó sí, ó sọ aṣọ tí yóò wọ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé òfin tiwọn gbà pé alákàrà ní ibùjókòó. Tiwa kò rí i rárá àfi bí ẹni tí a ó lé.

Ìjọba Nàìjíríà mọ ọ̀nà UNESCO: Ifá wà níbẹ̀, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà níbẹ̀, ọdún Ṣàngó ti Ọ̀yọ́ wọlé ní 2023. Kí iṣẹ́ alákàrà náà lọ. Ṣùgbọ́n kí Abuja tó kọ lẹ́tà, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó ni ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ kàn: kí wọ́n tún òfin 2003 yẹn ṣí, kí wọ́n kọ ibùjókòó alákàrà sínú rẹ̀, ní ọjà àti ní ibùdókọ̀, kí ìwé àṣẹ tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.