Kí Òfin Síbírà Mú Awakọ̀ Pẹ̀lú

Ẹ̀yin ará wa, kò sí ilé tí wọn kì í ti í gbàdúrà pé kí a má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Àdúrà náà dára, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò lẹ́nu tí yóò fi jẹ ènìyàn. Awakọ̀ tó kọ̀ láti dúró ló ń pa ẹlẹ́sẹ̀.

Ẹ wo àwọn ìlà funfun tí ìjọba kùn sójú títì níwájú ilé ẹ̀kọ́ àti ọjà, èyí tí à ń pè ní síbírà. Òfin ìrìnnà ilẹ̀ wa ni pé bí ẹlẹ́sẹ̀ bá ti gbẹ́sẹ̀ lé e, kí awakọ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ awakọ̀, fèrè ni wọ́n ń fọn, wọ́n á sì tún fi kún eré.

Ní Èkó, láti 2003 tí wọ́n ti dá ẹ̀ṣọ́ KAI sílẹ̀, tí orúkọ wọn ti di LAGESC báyìí, wọ́n ń mú ẹni tó bá fi afárá ẹlẹ́sẹ̀ sílẹ̀, tó ń sáré gba àárín títì márosẹ̀. Ìyẹn dára, nítorí onítọ̀hún ń fi ikú ṣeré ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè: ìgbà wo lẹ rí awakọ̀ tí ọlọ́pàá mú nítorí pé kò dúró níbi síbírà? Òfin tó ń mú ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, tó wá fi onímọ́tò sílẹ̀, ojúsàájú ni.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ti 2023 pé nǹkan bí 1,190,000 ènìyàn ni ìjàǹbá ojú pópó ń pa lọ́dún káàkiri ayé. Nínú ẹni 100, nǹkan bí 23 ló jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀. Bí eré mọ́tò bá kúrò ní kìlómítà 50 sí 65 ní wákàtí kan, ewu pé ẹni tí ó bá kọlù yóò kú á ju ìlọ́po 4 lọ.

Ohun tí a ń béèrè kò le. Kí ọlọ́pàá àti Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó máa dúró níbi síbírà nígbà tí àwọn ọmọ bá ń wọ ilé ẹ̀kọ́ àti nígbà tí wọ́n bá ń jáde. Kí wọ́n mú awakọ̀ tó bá rú òfin, kí owó ìtanràn sì wọ àpò ìjọba, kó má di ẹ̀gúnjẹ. Kí ìjọba ìbílẹ̀ tún àwọn ìlà tó ti parẹ́ kùn.

Àwa náà ńkọ́? Ẹ̀yin òbí, ẹ di ọwọ́ ọmọ yín mú, ẹ sì gba orí afárá níbi tó bá wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa bọ́ọ̀sì ìjọ, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ dúró. Kò sí onímọ́tò tí kì í di ẹlẹ́sẹ̀ nígbà tó bá sọ̀ kalẹ̀.