Bí Ọmọ Bá Ya Ọ̀nà Mìíràn



Ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu wa ní Ìjù ńbí: bàbá ń dífá, ìyá ń bọ òrìṣà, kí ló dé tí ọmọ wọn fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Àwọn kan á ní Canaanland tó wà nítòsí wa ló fà á. Òótọ́ ni pé gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí síbẹ̀ ní 1999 gba 50,000 ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ onígbàgbọ́ náà ń yà.

Ẹ wo Wọlé Ṣóyínká, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1934. Ọgbà ìjọ ní Aké ló dàgbà sí. Bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá ilé ìwé ìjọ, ìyá rẹ̀ kì í fi àdúrà ṣeré. Síbẹ̀, Ògún ló mú ní òrìṣà tirẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀, Aké, ó sọ bí bàbá bàbá rẹ̀ ní Ìsarà ṣe mú kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún un lọ́mọdé.

Orí tí kálukú yàn ni yóò tẹ̀ lé, a ò jiyàn. Àmọ́ iṣẹ́ òbí ńkọ́? "Lọ já ewé wá, lọ gbé epo wá," ọmọ á sáré lọ. Tó bá bi wá pé kí ni a fi ń ṣe, a ó ní, "Ọmọdé kì í bèèrè irú ẹ̀." Wọ́n á wá sọ fún un níléèwé pé òkúta là ń bọ, kò ní ní èsì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó bá bèèrè, wọ́n á dá a lóhùn, wọ́n á tún pàtẹ́wọ́ fún un.

Abala 38 ìwé òfin 1999 ní a kò gbọdọ̀ fipá kọ́ ọmọ iléèwé ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó dáa. Ṣé àwa ti wá kọ́ ọ ní tirẹ̀?

Lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ pa obì. Ẹ fi awẹ́ akọ méjì àti abo méjì hàn án. Ẹ sọ ohun tí wọ́n ń wí bí wọ́n bá ṣe balẹ̀. Ẹ jẹ́ kó bèèrè títí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin náà mọ ilé tí ojúbọ ti di yàrá ayálégbé lẹ́yìn ikú bàbá. Bí ọmọ bá ṣì lọ, ẹ má gbé e ṣépè, ọmọ wa ni. Kó ṣá má jẹ́ pé àìmọ̀ ló lé e jáde.

Ire o. Àṣẹ.