Owó Abúlé Kì í Ṣe Àṣírí Abidjan

Ní ọdún 2014, ìjọba Côte d'Ivoire gbé ètò iná mànàmáná fún gbogbo ènìyàn kalẹ̀. 1,000 fráǹkì CFA ni aláìní yóò kọ́kọ́ san kí iná tó wọ ilé rẹ̀. Yóò máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀ pọ̀ mọ́ owó iná. Agbára ètò yìí ni pé àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé pàápàá lè mọ iye náà lórí, kí ó sì ko òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ gbà jù bẹ́ẹ̀ lójú.

Owó ọ̀nà, kànga àti ilé ìwòsàn kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìgbìmọ̀ ẹkùn, tí ará ìlú kọ́kọ́ dìbò yàn ní 2013, ṣì gbójú lé owó tó ń ti Abidjan wá. Àgbẹ̀ kòkó, tí irè oko rẹ̀ ń bọ́ àpò ìjọba, kò ní ọ̀nà tó rọrùn láti mọ ohun tó kan abúlé rẹ̀.

Òótọ́ ni pé ìwé ìṣúná kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé èdè Faransé tó wà ní Plateau, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba pọ̀ sí, kò bá ará oko sọ̀rọ̀. Kí ìjọba lẹ iye owó abúlé kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì agbègbè rẹ̀, kí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní èdè Baoulé, Sénoufo àti Dioula. Ẹni tí kò mọ iye ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò lè bèèrè fún un.