AYÉ LỌJÀ, Ọ̀RUN NILÉ: Ǹ JẸ́ A TI PALẸ̀ ÌSỌ̀ WA MỌ́?

Ẹ̀yin ará wa ní Òkè Ọya, àwa ará yín tí a ń tajà ní Ọjà Artisan ní Enúgù kí yín.

Ohun tí ó mú wa kọ̀wé yìí ni ọ̀ràn ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ó fi ayé sílẹ̀ lójijì. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí àwa akọ̀wé jókòó ti ìyàwó rẹ̀ láti ṣe ìṣirò, a kò bá ìwé kan. Inú orí olóògbé ni gbogbo gbèsè wà, èyí tí ó jẹ àti èyí tí wọ́n jẹ ẹ́. Àwọn olówó tètè dé. Àwọn ajigbèsè kò yọjú. Síbẹ̀ a pa màlúù. Owó màlúù náà ìbá san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀. Àwa náà jẹ nínú ẹran náà. Ẹ̀bi wa ni.

Ẹ jẹ́ kí á wo Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ọmọ Òṣogùn ni. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821. Ní 1857 ó wà lára àwọn tí ó dá iṣẹ́ ìyìn rere sílẹ̀ ní Onitsha, ìwé ABD tí ó ṣe ní èdè Ìgbò sì jáde ní ọdún náà. Ó jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ó sì ṣiṣẹ́ dé Lọ́kọ́ja lọ́dọ̀ yín. Lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó wá fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì gba àṣẹ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n kò torí ènìyàn kọ Ọlọ́run. Ó kú ní Èkó lọ́jọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891. Kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni a fi ń rántí rẹ̀ bí kò ṣe Bíbélì Yorùbá, àti iṣẹ́ rere ní ilẹ̀ tí kì í ṣe ti baba rẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé, “Bíṣọ́ọ̀bù ni ìyẹn, alájàpá ni àwa.” Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé kékeré kan kò wọ́n. Ẹ kọ gbèsè yín sílẹ̀, kí ẹ sì fi han ará ilé yín. Ẹ̀yin Mùsùlùmí mọ̀ pé a ń san gbèsè òkú kí a tó pín ogún rẹ̀. Ẹ̀yin Onígbàgbọ́, àdúrà kò sọ pé kí á má san owó olówó. Ẹ kọ́ ọmọ, nítorí ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹni tí ẹ bá sì ṣẹ̀ ní ìlú àjò, ìbáà ṣe onílé yín, ẹ tètè lọ bẹ̀ ẹ́.

Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, oníṣòwò gidi a ka owó rẹ̀, a gbálẹ̀ ìsọ̀ rẹ̀, kí ó tó ti ìlẹ̀kùn. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá wa láìgbálẹ̀. Àmín.