Àdírẹ́sì .ng: Orúkọ Ta Ló Wà Nínú Ìwé?

Gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ní nọ́ńbà tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù fi ń dá a mọ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé kò rọrùn fún ọmọ ènìyàn láti máa há nọ́ńbà gígùn sórí, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà kan, Paul Mockapetris, gbé ètò kan kalẹ̀ ní ọdún 1983 tó jẹ́ kí orúkọ lè dúró fún nọ́ńbà. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní dómèènì. Òun ló máa ń wà lẹ́yìn àmì @ nínú àdírẹ́sì ímeèlì, òun náà sì ni ẹni tó bá fẹ́ dé ìkànnì ilé-iṣẹ́ kan máa ń tẹ̀ sórí fóònù rẹ̀. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ náà ló ń sọ ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sí àti ẹni tí ìwé ọ̀hún wà ní ìkáwọ́ rẹ̀: orúkọ tó bá parí sí .com wà nínú ìwé ilé-iṣẹ́ Verisign, tó fìdí kalẹ̀ sí ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, èyí tó bá sì parí sí .ng wà nínú ìwé Nàìjíríà.

Lẹ́tà méjì-méjì ni wọ́n pín fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Inú àkójọ àmì ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè tí gbogbo ayé ti fọwọ́ sí ni wọ́n ti mú wọn, kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó ó ń dárúkọ bó ṣe wù ú. Ìdí nìyẹn tí Bẹ̀nẹ̀ fi ń jẹ́ .bj, tí Tógò ń jẹ́ .tg, tí Bùràsíìlì ń jẹ́ .br, tí Kúbà sì ń jẹ́ .cu. (Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló yà bàrá, nítorí GB ló wà fún un nínú àkójọ náà, ṣùgbọ́n .uk ló ń lò.) Jon Postel, tó ń bójú tó ìpínfúnni yìí nígbà náà, fi ìlànà kan síta ní oṣù Kẹta ọdún 1994, níbi tó ti là á yé àwọn ènìyàn pé alágbàtọ́ ni ẹni tí wọ́n bá fi dómèènì orílẹ̀-èdè lé lọ́wọ́, pé ó ń tọ́jú rẹ̀ fún àwọn ará ìlú ọ̀hún àti fún gbogbo olùlo íntánẹ́ẹ̀tì, àti pé ojúṣe ló yẹ kó jẹ ẹ́ lógún, kì í ṣe ìjìjàdù lórí ta ló ni ín. Nígbà tí wọ́n dá àjọ ICANN sílẹ̀ ní ọdún 1998, ọwọ́ àjọ náà ni iṣẹ́ Postel bọ́ sí.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1995 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ .ng sínú ìwé àgbáyé. Ìyáàfin Ibukun Odusote ti Yaba College of Technology, ní ìlú Èkó, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, ṣùgbọ́n òkè òkun ni àwọn kọ̀ǹpútà tó ń gbé orúkọ náà ró wà, nítorí íntánẹ́ẹ̀tì kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà nígbà náà. Àríyànjiyàn pọ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn lórí ẹni tó yẹ kó máa darí rẹ̀, títí ICANN fi fọwọ́ sí i ní ọdún 2004 pé kí .ng bọ́ sọ́wọ́ NITDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìdàgbàsókè ìmọ̀ ẹ̀rọ ìsọfúnni. Ní ọdún 2005 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Nigeria Internet Registration Association sílẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NiRA, ó sì di ọdún 2009 kí ìwé .ng tó di ohun tó wà lábẹ́ àkóso rẹ̀ ní gbangba. NITDA ṣì ń ṣàkóso ẹ̀ka gov.ng tí í ṣe ti ìjọba.

Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá lásán lèyí, pé kí ló kan oníṣòwò ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn nínú ẹni tó ń tọ́jú ìwé orúkọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Málì lè fi hàn pé ó kan gbogbo ènìyàn. Láti ọdún 2013 ni oníṣòwò kan láti orílẹ̀-èdè Netherlands ti bá ìjọba Málì ṣe àdéhùn láti máa bójú tó .ml, wọ́n sì ń pín orúkọ tó parí bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá ti nawọ́, débi pé .ml di ibùba àwọn oníjìbìtì. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ní tiwọn, .mil ni wọ́n ń lò. Ẹni tó bá ṣèèṣì fo lẹ́tà i nígbà tó ń kọ ímeèlì sí ọ̀kan nínú wọn, Málì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò lọ já sí. Ní oṣù Keje ọdún 2023, ìwé ìròyìn Financial Times tú u síta pé láàárín oṣù mélòó kan péré nínú ọdún yẹn, ímeèlì aṣìnà tí oníṣòwò náà kó jọ ti lé ní 100,000, àbájáde àyẹ̀wò àìsàn, àwòrán ibùdó ológun àti ètò ìrìn-àjò ọ̀gágun sì wà nínú wọn. Ìkìlọ̀ ni oníṣòwò náà ń ṣe, kò fi nǹkan wọ̀nyẹn ṣe ibi. Síbẹ̀ oṣù kan náà ni àdéhùn rẹ̀ tán, tí .ml padà sọ́wọ́ ìjọba Málì. Ẹni tó bá ń ṣàkóso ìparí orúkọ lè rí ohun tí wọn kò fi ránṣẹ́ sí i.

Bùràsíìlì gba ọ̀nà mìíràn. Láti ọdún 1995 ni wọ́n ti ní ìgbìmọ̀ kan níbi tí àwọn aṣojú ìjọba, oníṣòwò, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹgbẹ́ aráàlú ti ń jókòó pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì, owó tí wọ́n sì ń rí lórí .br ni wọ́n fi ń ṣe ibùdó tí àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè náà ti ń pààrọ̀ ìsọfúnni láàárín ara wọn, tí wọ́n fi ń gbógun ti àwọn olè orí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n tún fi ń ṣe ìwádìí. Orúkọ tó wà nínú ìwé .br ti ju 5,000,000 lọ. Ti Nàìjíríà, tí iye ènìyàn inú rẹ̀ kò kéré sí ti Bùràsíìlì, kò tíì tó ìdajì mílíọ̀nù kan. Àwọn kan a máa tọ́ka sí Anguilla, erékùṣù kékeré tí .ai jẹ́ tirẹ̀, tó pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 32 dọ́là lórí rẹ̀ ní ọdún 2023 nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ ọgbọ́n-àtọwọ́dá ń sáré ra orúkọ tó bá iṣẹ́ wọn mu. Orí ló ṣe é fún Anguilla. Ti Bùràsíìlì ló ṣeé kọ́, nítorí àwọn ọmọ ìlú fúnra wọn ló ń lo orúkọ ìlú wọn.

Àǹfààní kan wà nínú .ng tí oníṣòwò kò gbọdọ̀ fojú fò. Dọ́là ni wọ́n fi ń díye lé .com, nígbà tó jẹ́ pé náírà ni wọ́n ń san fún .ng ní Nàìjíríà. Nígbà tí ìjọba fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti pinnu ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan tí kò tó 500 náírà ní báńkì ti kọjá 1,500 náírà kí ọdún 2024 tó parí, àwọn tó fi .com ṣòwò sì rí i nígbà tí wọ́n fẹ́ sanwó ọdọọdún. Ó tún ṣe pàtàkì pé kí ènìyàn wà lábẹ́ òfin tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi .eu ti ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù sọ orúkọ ìkànnì wọn, tí wọn kì í sì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè kankan nínú ìṣọ̀kan náà, jí ní ọjọ́ kìíní ọdún 2021 wọ́n bá a pé orúkọ ọ̀hún kò ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti jáde. Ní ọdún 2022, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ìwé pátápátá.

Ẹni tó bá fẹ́ gba orúkọ kò ní lọ bá NiRA fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn alágbàtà ni yóò lọ, ìyẹn àwọn ilé-iṣẹ́ tí NiRA fún ní àṣẹ láti máa bá àwọn ènìyàn forúkọ sílẹ̀, tí àkójọ wọn sì wà lórí ìkànnì NiRA. Ẹ̀ka com.ng wà fún oníṣòwò, owó rẹ̀ sì fúyẹ́ ju ti .ng gbọnrangandan lọ, org.ng wà fún ẹgbẹ́, sch.ng fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama, edu.ng fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe ni pé wọn kì í dé ọ̀dọ̀ alágbàtà rárá. Ọ̀dọ́ kan tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa ń gbé iṣẹ́ ìkànnì fún, wọn a sì san gbogbo owó lápapọ̀, òun ni yóò wá lọ gba orúkọ, tí yóò fi orúkọ ara rẹ̀, ímeèlì ara rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó lè má ní èrò ibi kankan. Ṣùgbọ́n bí ìjà bá dé, tàbí tí ọ̀dọ́ náà bá kó lọ sí Kánádà, tàbí tó bá kú, ọ̀rọ̀ náà yóò dà bí ilẹ̀ tí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ rà tí ìwé rẹ̀ sì wà ní orúkọ ẹlòmíràn. Lójú NiRA àti alágbàtà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni oní-nǹkan. Ṣọ́ọ̀ṣì tó ti lo orúkọ kan fún ọdún mẹ́wàá lè wá di ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ lórí rẹ̀.

Níní orúkọ kò sì túmọ̀ sí pé ó di ti ẹni títí láé. Owó ọdọọdún ni, ẹni tí kò bá san án yóò pàdánù rẹ̀, ẹlòmíràn yóò sì lè gbà á. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1999, Microsoft, pẹ̀lú gbogbo owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbàgbé láti san dọ́là 35 lórí passport.com, àwọn ènìyàn kò sì lè wọ inú ímeèlì Hotmail wọn mọ́ títí tí ará ìta kan fi bá wọn san án. Bí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá lè gbàgbé, kí oníṣòwò kékeré san ti ọdún méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì fi ímeèlì tó ń yẹ̀ wò lójoojúmọ́ sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni alágbàtà yóò fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí.

Kódà ẹni tí kò ní ìkànnì kankan ní ohun tó yẹ kó mọ̀, nítorí àìmọ àdírẹ́sì kà ni àwọn oníjìbìtì fi ń jẹun. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ń ka àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì wá sí òsì. Nínú nimc.gov.ng, ng ló ń sọ pé inú ìwé Nàìjíríà ni, gov ń sọ pé ẹ̀ka ìjọba ni, nimc sì ni àjọ tó ń fún àwọn ará ìlú ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN. Bí ẹnì kan bá wá fi nimc.gov.ng.nin-tuntun.com ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ojú tó bá yára kà á láti òsì yóò rí ìjọba, ṣùgbọ́n ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún yóò rí i pé .com ni, pé nin-tuntun ló ni ín, àti pé ohun tó wù ú ló lè kọ síwájú rẹ̀, ìbáà ṣe orúkọ Ààrẹ. Ọgbọ́n kejì tún le ju ìyẹn lọ: nimc-gov.ng. Inú ìwé Nàìjíríà ló wà lóòótọ́, àmọ́ ìlà kékeré tó wà láàárín nimc àti gov ti yí gbogbo rẹ̀ padà, nítorí dọ́ọ̀tì nìkan ló ń ya ẹ̀ka sọ́tọ̀, ìlà kì í yà á. Àpẹẹrẹ lásán ni méjèèjì, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí àdírẹ́sì bá gùn, ibi tí ìlà / bá ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn orúkọ ni kí ènìyàn dúró sí, kí ó wá ka orúkọ náà padà sí òsì. Àwòrán àgádágodo tó máa ń hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì kò sì fi hàn pé olóòótọ́ ni ẹni tó ni ín. Ohun tó ń sọ kò ju pé ẹlòmíràn kò lè ka ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lójú ọ̀nà.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ tún lè lo ètò tí wọ́n ń pè ní WHOIS, tó ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yẹ ìwé orúkọ wò lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó rí ọjọ́ tí wọ́n fi orúkọ kan sílẹ̀, ọjọ́ tí yóò tán àti alágbàtà tó wà nídìí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń pariwo pé òun ti ń ya àwọn ènìyàn lówó láti ogún ọdún wá, tó sì jẹ́ pé oṣù tó kọjá ni wọ́n forúkọ ìkànnì rẹ̀ sílẹ̀, kò yẹ kó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọlọ́gbọ́n.

Ó yẹ kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ran aráàlú lọ́wọ́ nínú èyí. Ìgbàkígbà tí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ilé-ìwé ìjọba bá fi àdírẹ́sì Gmail tàbí Yahoo sórí ìwé àṣẹ, ó ń kọ́ àwọn ènìyàn láti gba ohunkóhun gbọ́, nítorí ẹnikẹ́ni ló lè ṣí irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀ka gov.ng wà nílẹ̀ fún wọn, kò sì sí àwíjàre kankan tó tó fún àìlò rẹ̀.

Ní ti ẹni tó bá ti ní ìkànnì, ìbáà jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, mọ́sáláṣí tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá a ṣe é pé orúkọ ta àti ímeèlì ta ló wà lọ́dọ̀ alágbàtà, kí ó sì gba kóòdù ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń ṣí dómèènì láti ọ̀dọ̀ alágbàtà kan sí òmíràn. Bí orúkọ náà kò bá jẹ́ tirẹ̀, kí ó ní kí wọ́n yí i padà nísinsìnyí, nígbà tí àárín wọn ṣì gún.