Kí Ẹ Tó Ra Motherboard Tuntun

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òwe yìí ni mo máa ń rántí nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan ní Adó-Èkìtì fẹ́ pa kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀ tì nítorí pé kò tan dáadáa mọ́. Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyíká Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì mọ ohun tí mo ń wí: ọjọ́ tí ẹ̀rọ kò bá ṣiṣẹ́ ni owó kò wọlé. Bẹ́ẹ̀, nígbà mìíràn, ètò inú motherboard nìkan ló dàrú.

Motherboard ni pákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́. Orí rẹ̀ ni BIOS wà, èyí tó ń jí àwọn ẹ̀yà yòókù kí Windows tó dìde. Láti ìgbà tí IBM ti gbé kọ̀ǹpútà AT jáde ní ọdún 1984 ni bátìrì ti ń tọ́jú ètò yìí àti aago. Èyí tó wọ́pọ̀ lónìí ni CR2032, tó rí bí owó ẹyọ, tí agbára rẹ̀ jẹ́ volt 3. Bí kọ̀ǹpútà bá wà lójú iná, bátìrì yìí ń sinmi. Bí iná bá lọ, òun nìkan ló ń ru ẹrù náà. Ìdí nìyí tó fi lè tètè kú níbi tí iná kì í ti í dúró.

Àmì àkọ́kọ́ ni aago tó padà sẹ́yìn. Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ààbò ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Bí ọjọ́ ẹ̀rọ yín kò bá bọ́ sáàárín wọn, ojú òpó tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ fi san owó ilé ìwé lè kọ̀ láti ṣí.

Bí ojú kọ̀ǹpútà bá ṣì ń tàn, ẹ tẹ bọ́tìnnì Delete tàbí F2 léraléra bí ẹ bá ti tan án. Ẹ kọ́kọ́ fi fóònù ya àwòrán àwọn ètò tó wà níbẹ̀, pàápàá ti SATA, nítorí pé bí ìyẹn bá yí padà, Windows lè má dìde. Lẹ́yìn náà, ẹ yan "Load Optimized Defaults" tàbí "Load Setup Defaults", kí ẹ sì fi F10 pa á mọ́.

Bí kò bá tàn rárá, ẹ yọ wáyà iná kúrò, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí iná tó kù lè tán. Ẹ ṣí àpótí rẹ̀, ẹ fọwọ́ kan irin ara rẹ̀, ẹ yọ bátìrì náà, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ fi tuntun sí i, kí ojú tó ní àmì + wà lókè, kí ẹ wá tún ọjọ́ àti aago tò.

Fáìlì yín kò ní parẹ́, nítorí inú hard disk ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lo BitLocker, ẹ wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tó ní nọ́ńbà 48 sọ́wọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mi ò lè fi sílẹ̀, nítorí ọmọ ń bẹ nílé. Ẹ má ju bátìrì tí ẹ yọ sórí tábìlì. Bí ọmọdé bá gbé e mì tó sì há a lọ́fun, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí méjì péré. Bí ẹ bá fura pé ó ṣẹlẹ̀, ẹ má fún un ní ohun tó máa mú un bì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ X-ray lójú ẹsẹ̀. Kọ̀ǹpútà ṣeé tún ṣe, ọmọ kò ṣeé rà lọ́jà.