Ẹfun inú awọ wáyà

Ní ọ̀pọ̀ agboolé ní Kétu, wáyà kan a gbéra láti ilé ẹni tó ní compteur, a gba orí igi, a sì kọjá lórí òrùlé méjì mẹ́ta kí ó tó dé ilé aládùúgbò. Toile d'araignée ni a ń pè é, ilé aláǹtakùn. Láàrin bàbà inú wáyà kékeré bẹ́ẹ̀ àti ọwọ́ ọmọ tó ń sá aṣọ, awọ ike kan ṣoṣo ló wà, tí nínípọn rẹ̀ kò ju nǹkan bí 0,7 mìlímítà lọ.

Awọ náà kì í ṣe ike nìkan. Àwọn tó ń ṣe é máa ń po ìyẹ̀fun òkúta mọ́ ọn, pàápàá òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Onigbolo fún sìmẹ́ǹtì. Kì í ṣe èrú. Owó ẹfun kéré sí ti ike, ẹfun gbígbẹ kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá. Amọ̀ funfun tí a ti sun tilẹ̀ ń mú kí ike PVC lágbára sí i, nítorí ó ń di àwọn ion tó lè gbé iná rìn mú.

Ojú ibi tí ẹfun àti ike ti pàdé ni ìṣòro wà. Ẹni tó bá ti ro àmàlà rí mọ bí èlùbọ́ ti ń di kókó. Bí ẹfun bá di kókó nínú ike, àlàfo a wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, omi a sì rí ọ̀nà gbà. Omi ni ọ̀tá tó burú jù fún 220 volt inú ilé wa. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ọ̀rá pa ẹfun lára kí wọ́n tó pò ó: acide stéarique, tí a lè rí nínú epo ọ̀pẹ. (Ẹfun ń bẹ ní Onigbolo, ilé ìwádìí ọ̀pẹ sì ń bẹ ní Pobè láti ọdún 1922, síbẹ̀ láti òkè òkun ni a ṣì ń retí wáyà.)

Àpọ̀jù ẹfun ló ń bí wa nínú. Òǹtajà a gbé wáyà lé wa lọ́wọ́, a ní: «Ẹ wò ó bó ti wúwo, ojúlówó ni.» Bàbà wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹfun pẹ̀lú wúwo: ó tó ìlọ́po 2,7 omi, nígbà tí ike PVC lásán wà ní nǹkan bí 1,4. A ti ra irú wáyà bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí a ká a mọ́ gègé ìkọ̀wé, ojú ibi tó tẹ̀ funfun, lẹ́yìn náà ó là. Láti ọjọ́ náà, a kì í sanwó láìkọ́kọ́ ká wáyà lójú ẹni tó ń tà á, bí ó tilẹ̀ ń bínú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, wáyà tó ti là lókè okùn aṣọ, pàápàá lẹ́yìn òjò, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Ẹ pe àgbà kí ó lọ pa iná nídìí compteur.